Àlejò fẹ́ẹ́ wọnú kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ wọn yàrá fún un

Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè gba àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ là lórí kọ̀ǹpútà tuntun

Ẹ mú Alhaji kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ dáadáa láàárín àwọn oníṣòwò. Láti ọdún 2008 ló ti ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣe àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú ètò ìṣirò kan tí ọmọ àdúgbò kan bá a kọ nígbà náà, orí Windows XP ni ètò náà sì ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà níbẹ̀, iye tí wọ́n jẹ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san án náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó kọ ètò náà ti lọ sókè òkun, síídì tó fi gbé e sínú kọ̀ǹpútà ti sọnù, kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ sì ti wá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú bí ẹni ń gé èékánná.

Alhaji ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá òun gbé ètò àtijọ́ náà sí i. Kọ̀ǹpútà tuntun kọ̀ jálẹ̀. Windows 11 ló wà nínú ẹ̀, kò sì fẹ́ẹ́ rí ètò náà sójú.

"Alhaji, ẹ má bínú, ètò yín yìí ti dàgbà jù," ni oníṣẹ́ náà wí.

Alhaji wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, owó mi tó wà níta ló wà nínú ètò tó o ní ó ti dàgbà yẹn o."

Òótọ́ ni Alhaji sọ. Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà ayé DOS kọ, 16-bit ni wọ́n, Windows tó bá sì jẹ́ 64-bit kì í gba irú wọn. Windows 11 ní tiẹ̀, 64-bit nìkan ni wọ́n ṣe é. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè bẹ̀ ẹ́.

Ilé kan, yàrá púpọ̀

Àmọ́ àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ètò àtijọ́ bá kọ̀ láti gbé orí Windows tuntun, ìyẹn ò ní kó má lè gbé inú kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n lè yọ yàrá kan sọ́tọ̀ fún un nínú kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n gbé Windows XP tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni pé ọdún 2008 ni wọ́n ṣì wà.

Yàrá yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní virtual machine. Kì í ṣe irin, kì í ṣe ike, ètò ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ní RAM tiẹ̀, ó ní dísìkì tiẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ètò tó ń pín yàrá ni onílé. Windows tàbí Linux tí wọ́n bá gbé sínú yàrá ni àlejò. Àwọn òyìnbó tó ṣe é gan-an, onílé àti àlejò náà ni wọ́n ń pè wọ́n lédè tiwọn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá sì dìídì yà sọ́tọ̀ kó lè máa gba irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀, òun ni server. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé àlejò kò mọ̀ pé inú yàrá lòun wà. Ó rò pé òun nìkan lòun ni gbogbo ilé.

Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ IBM l'Amẹ́ríkà kéde VM/370, tó ń jẹ́ kí èèyàn púpọ̀ lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo bí ìgbà tí kálukú ní tiẹ̀. Àwọn báńkì àtàwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1998 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ VMware sílẹ̀ ní California, nígbà tó sì di 1999, wọ́n gbé ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà jáde fún kọ̀ǹpútà kéékèèké tí gbogbo èèyàn ń lò. Ọdún 2005 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára yìí sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe, AMD náà tẹ̀ lé e ní 2006. Látìgbà náà ni nǹkan tó jẹ́ ti àwọn olówó ti di ohun tí oníṣòwò kékeré náà lè ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ta ni kó jẹ́ onílé?

Oríṣìí onílé méjì ló wà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣe àṣìṣe nìyẹn.

Oríṣìí àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ pé orí Windows tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, bí ìgbà téèyàn gbé pákó pín pálọ̀ sí méjì. VirtualBox ti ilé iṣẹ́ Oracle wà lára wọn. Ẹ máa lo kọ̀ǹpútà yín lọ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, nígbà tẹ́ ẹ bá nílò àlejò, ẹ ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí ètò mìíràn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí ló dára fún un.

Oríṣìí kejì ni èyí tó ń gba gbogbo ilé látìpìlẹ̀. Kò sí Windows lábẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Proxmox VE wà lára irú èyí. Láti Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ló ti wá, ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, èèyàn sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀, àfi tó bá fẹ́ kí àwọn tó ṣe é máa ran òun lọ́wọ́ ló máa sanwó. Hyper-V ti Microsoft náà wà, ESXi ti VMware náà wà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta, mẹ́rin, tó sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa dé ibi kan náà, irú èyí ló ń lò.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Bí wọ́n bá gbé Proxmox sínú kọ̀ǹpútà kan, gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì tí wọ́n gbé e sí ló máa pa rẹ́. Windows tó bá a wá, ìwé, fọ́tò, gbogbo ẹ̀ á lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà kò ní í rí nǹkan kan ju ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun lọ. Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, nínú Chrome tàbí Firefox, ni wọ́n ti ń ṣí i, tí wọ́n ti ń rí àwọn àlejò inú ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà kejì tó wá ṣe é, ó ti ti ara ẹ̀ mọ́ta nìyẹn.

Ó tún yẹ kí oníṣòwò mọ̀ pé onílé náà lè yí ìwà padà. Lọ́dún 2006, VMware gbé ètò kan tó ń jẹ́ VMware Server jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn sì rọ́ lọ sídìí ẹ̀. Nígbà tó di 2011, wọ́n ní àwọn ò bójú tó o mọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Broadcom ra VMware. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fòpin sí títa láísẹ́ǹsì téèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì di tiẹ̀ títí ayé, owó tí wọ́n ń san lóòrèkóòrè ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2024, wọ́n yọ ESXi ọ̀fẹ́ kúrò nílẹ̀, lóṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún dá a padà. Fún oníṣòwò tó ń pa náírà, tí wọ́n wá ń bu dọ́là fún, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yan onílé, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa kó àlejò jáde lọ́jọ́ tí onílé bá sọ pé owó ilé ti lé.

Alhaji ní kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń bá a tajà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Nítorí náà, òun àti oníṣẹ́ náà fẹnu kò pé kọ̀ǹpútà tuntun náà ni kó di server, kí wọ́n sì gbé Proxmox sínú ẹ̀.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà tuntun. Orí èyí tó ń kú lọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Dísìkì tó bá ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn ẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe máa tàn án, kí wọ́n máa pa á, láti fi ṣe ìwádìí. Kí wọ́n tú dísìkì náà jáde, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ látòkè délẹ̀ sínú fáìlì kan. Ètò kan wà tó ń jẹ́ ddrescue, ọ̀fẹ́ ni, irú dísìkì tó ń ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ibi tó bá ṣì dáa ló máa kọ́kọ́ dà kọ, lẹ́yìn náà ló máa padà wá jà fún ibi tó ti bàjẹ́.

Níwọ̀n bí síídì ètò Alhaji ti sọnù, fáìlì yìí náà ni wọ́n máa sọ di dísìkì àlejò. Ìyẹn ni pé odidi kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, pẹ̀lú XP ẹ̀, pẹ̀lú ètò ìṣirò ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn onígbèsè, ni wọ́n máa gbé sínú yàrá tuntun láìtún nǹkan kan tò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wo server náà fúnra ẹ̀. Agbára tí Intel àti AMD fi sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á nígbà tí wọ́n bá ń ta ẹ̀rọ náà. Inú BIOS ni wọ́n ti ń tàn án. Lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ Intel, wọ́n lè pè é ní Intel Virtualization Technology, lórí AMD wọ́n lè pè é ní SVM Mode. Bí wọn ò bá tàn án, àlejò lè má dìde rárá, tàbí kó máa wọ́ bí ìgbín. Oníṣòwò á sì máa rò pé wọ́n ta ẹrù burúkú fún òun.

Ìṣirò ló kàn. Ká ní RAM 16GB ló wà nínú server Alhaji. Proxmox fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ ní tó kéré sí 2GB. XP tí wọ́n gbé wá láti ọdún 2008, 1GB ti pọ̀ fún un, torí nígbà tó ṣì wà nínú agolo tiẹ̀, ó lè má ní tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba àlejò kejì tó jẹ́ Windows 11, Microsoft ní kò gbọdọ̀ ní RAM tó kéré sí 4GB àti ààyè dísìkì tó kéré sí 64GB. Ẹni tó bá fẹ́ kó rìn dáadáa á fún un ní 8GB. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 11GB nínú 16GB, 5GB ṣẹ́ kù fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tó dáa nìyẹn.

Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n máa pín RAM bí ẹni pín ìrẹsì níbi ìyàwó, kí wọ́n fún ẹni yìí ní 8, kí wọ́n fún ẹni yẹn ní 8, kí onílé wá jókòó sílẹ̀ láìjẹun. Iwájú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọjà bá gbóná, gbogbo àlejò á fẹ́ẹ́ jẹ ohun tí wọ́n fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, server á sì dákú lójú oníbàárà.

Bí àlejò ṣe ń wọlé

Gbígbé àlejò tuntun wọlé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń gbé Windows sínú kọ̀ǹpútà gidi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí síídì. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní ISO ló dúró fún síídì, wọ́n á gbé e sórí server, wọ́n á sì sọ fún yàrá tuntun náà pé síídì rẹ nìyí. Wọ́n á fún yàrá lórúkọ, wọ́n á sọ iye RAM, iye ọpọlọ àti bí dísìkì ṣe máa tóbi tó, wọ́n á wá tàn án. Yàrá á ka ISO náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ti gbé Windows sínú kọ̀ǹpútà rí ti mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ìgbà tí Windows bá sọ pé òun ò rí dísìkì kankan. Dísìkì wà níbẹ̀ o. Àmọ́ Proxmox lè fún àlejò ní oríṣìí dísìkì kan tó ń yára, VirtIO ni wọ́n ń pè é, tí Windows kò bí mọ́ ara. Linux bí i mọ́ ara ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú Debian tàbí Ubuntu. Fún Windows, wọ́n á tún gbé ISO kejì wá, èyí tí àwọn awakọ̀ VirtIO wà nínú ẹ̀, wọ́n á fi han Windows, lójú ẹsẹ̀ ló máa rí dísìkì ẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 11, yàrá ẹ̀ tún gbọdọ̀ ní TPM, ìyẹn àpótí kọ́kọ́rọ́ tí Windows yìí ń béèrè kó tó gbà láti wọlé. Onílé lè fi ètò ṣe ìyẹn náà fún un.

XP ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fún un ní dísìkì tuntun tí kò mọ̀, ojú búlúù ló máa fi hàn wọ́n. IDE ni kí wọ́n yàn fún un, torí irú ẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn. Àlejò àgbà, oúnjẹ tó mọ̀ ni wọ́n ń gbé fún un.

Bí àlejò bá ti wọlé tán, iṣẹ́ ò tíì parí. Kí wọ́n yọ ISO kúrò, kó má di pé ọjọ́ kan ló tún máa fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìpìlẹ̀. Kí wọ́n gbé àwọn irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí onílé àti àlejò gbọ́ ara wọn sínú ẹ̀, bó bá jẹ́ irú Windows tó ṣì lè gbà á. VirtualBox ń pe tiẹ̀ ní Guest Additions, VMware ń pe tiẹ̀ ní VMware Tools. Lára ohun tó ń ṣe ni pé bí onílé bá ní òun fẹ́ẹ́ pa ilé, àlejò á gbọ́, á sì kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí wọ́n tún dán printà wò. Èyí tó ń lo USB, wọ́n lè fà á wọnú yàrá. Èyí tó ń lo ojú ihò gbọọrọ ayé àtijọ́ lè fún wọn ní wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò ìṣirò tó ní kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kó tó ṣí. Níṣojú Alhaji ni kí wọ́n ti dán gbogbo ẹ̀ wò, kí wọ́n tó gbowó.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Àlejò tó jẹ́ Windows nílò láísẹ́ǹsì tiẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà gidi. Windows tí wọ́n tà mọ́ kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n ń pè ní OEM, kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n tà á mọ́, kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń gbé káàkiri. Kí oníṣòwò mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ òun kó tó gbé e. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lè lọ lórí Linux, kò ní irú ìnáwó yẹn rárá.

Ẹ ti géètì mọ́ àgbàlagbà náà

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dẹ́kun láti máa ṣàtúnṣe XP fún gbogbo ayé. Windows 7 tẹ̀ lé e lóṣù kìíní ọdún 2020, Windows 10 náà sì bọ́ sí i lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ihò tí àwọn olè bá rí lára XP, kò sẹ́ni tó ń dí i mọ́. Pé ó wà nínú yàrá kò sọ ihò náà di dídí.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti àwọn fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ló ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Microsoft fúnra ẹ̀ ní láti ṣe àtúnṣe pàjáwìrì fún XP, ọdún 3 lẹ́yìn tó ti ní òun ò ṣe é mọ́.

Ohun tó tọ́ fún XP Alhaji ni kí wọ́n má jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nínú Proxmox, wọ́n lè yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára yàrá ẹ̀ pátápátá, ọmọbìnrin tó ń tajà á ṣì máa rí ojú ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, torí ọ̀dọ̀ onílé ló gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àlejò. Kò sí pé wọ́n ń fi XP ka ìròyìn, kò sí pé wọ́n ń fi wo fíìmù. Ètò ìṣirò nìkan ló wá ṣe. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà onílé náà má jẹ́ 123456 o, torí ẹni tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ onílé, gbogbo yàrá ló gbà yẹn. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Òfin tó ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023.

NẸ́PÀ ò mọ àlejò

Nígbà tí iná bá lọ lójijì, kọ̀ǹpútà kan ló máa ń kú tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú server, gbogbo àlejò ló ń kú pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí UPS fi jẹ́ dandan, kì í ṣe nítorí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí kò ṣe kí wọ́n lè ráyè kú dáadáa. Àlejò ló ń kọ́kọ́ sùn, onílé ló ń tìlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá sọ fún Proxmox pé kó kú, ó lè kọ́kọ́ sọ fún àwọn àlejò fúnra ẹ̀. Bí iná bá dé, ó lè jí wọn lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n bá ti ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Níbí yìí ni oníṣẹ́ náà ti fi nǹkan kan han Alhaji tó dùn mọ́ ọn nínú. Snapshot ni wọ́n ń pè é. Oníṣẹ́ náà tẹ bọ́tìnnì kan, ó ní kí Alhaji pa orúkọ oníbàárà kan rẹ́, Alhaji pa á rẹ́. Ó tún tẹ bọ́tìnnì mìíràn, orúkọ náà padà wá.

"Ah! Nǹkan kan ò tún lè ṣe mí mọ́ nìyẹn," ni Alhaji fi ìdùnnú sọ.

"Ó ṣì lè ṣe yín o, sà," ni ọmọ náà dá a lóhùn. "Orí dísìkì kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Bí dísìkì yìí bá kú, òun àti snapshot ni wọ́n jọ ń lọ."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọmọ náà sọ. Snapshot dára kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe tó lè bàjẹ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀dà gidi ni odidi àlejò tí wọ́n dà kọ sórí dísìkì mìíràn tí wọ́n ń gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù kò ní í dá server sí kó mú dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àǹfààní ńlá tó wà nínú ètò yìí gan-an sì nìyẹn: odidi kọ̀ǹpútà ti di fáìlì, fáìlì sì ṣeé gbé lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀dà tí wọn ò bá tíì dá padà wò rí, ìrètí lásán ni. Kí wọ́n gbé e sínú yàrá mìíràn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo orúkọ onígbèsè kan nínú ẹ̀, kí ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kẹ́ ẹ tó sanwó

Oníṣòwò kò nílò láti mọ gbogbo ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀. Àmọ́ ó lè béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kó sì jókòó títí wọ́n á fi dá a lóhùn.

1. Ṣé ẹ ti da dísìkì àtijọ́ mi kọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, níbo sì ni ẹ̀dà náà wà?

2. RAM mélòó lẹ fún àlejò kọ̀ọ̀kan, mélòó ló kù fún onílé?

3. Àlejò wo ló ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kò rí i?

4. Bí iná bá lọ báyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ẹ yọ wáyà ẹ̀, kí n fojú ara mi rí i.

5. Bí server yìí bá kú lọ́la, orí ẹ̀rọ wo lẹ máa jí àlejò mi sí, wákàtí mélòó ló sì máa gbà yín?

Oníṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun kan tó kù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé yàrá tí wọ́n fún XP ti wo àìsàn ètò àtijọ́ sàn. Ilé ìtura ni, kì í ṣe ilé baba rẹ̀. Àsìkò ló rà fún oníṣòwò, kó lè fara balẹ̀ wá ètò ìṣirò tuntun tó máa gba àwọn orúkọ àti iye owó wọ̀nyẹn láìsí pé ẹ̀rù ń bà á pé ilẹ̀ ọ̀la lè mọ́ kí dísìkì má jí.

Alhaji ní tiẹ̀ kò jẹ́ kí oníṣẹ́ náà tíì palẹ̀ mọ́ tó fi ní kí wọ́n bá òun ṣí ojú ewé àwọn onígbèsè. Ó ń kà á lọ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orúkọ kan, ó dúró, ó yọ fóònù jáde nínú àpò agbádá, ó ní, "Èyí ti rò pé kọ̀ǹpútà mi ti kú."